Ta Ló Ń Bu Búlúù sí Ìgò Ìyá Aláwọ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Ìyá Aláwọ̀ jẹ́, kó lọ wo ilé ìdáná rẹ̀. Àgádágodo ló wà lára kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó ṣúgà sí. Fún ọdún gbọọrọ, òun nìkan ló ń gbé ilé yẹn. Kò sí ọkọ, kò sí ọmọ, kò sí ológbò pàápàá, síbẹ̀ ó ń ti ṣúgà mọ́lé. Wọ́n bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló ń bá a jẹ ẹ́. Ó ní, “Ẹni tí kò tíì dé ni.”

Iṣẹ́ àwòrán ló ń ṣe. Kì í ya ènìyàn, nítorí ó ní ènìyàn kì í jókòó jẹ́ẹ́, inú wọn kì í sì í ṣe ohun tó wà lójú wọn. Òkè ló ń yà, àti odò, àti pápá, àti ọ̀nà tó rọra yí wọnú igbó, àti ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Àwọn àwòrán tí wọ́n ń gbé kọ́ sí pálọ̀ àti ọ́fíìsì, kí ara lè tu ẹni tó bá jókòó sábẹ́ wọn. Ní àárọ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní iṣẹ́ ọnà. Ọ̀sán ni tirẹ̀. Bó bá ti dé, á wé ìborí funfun mọ́rí kí ọ̀dà má baà ta sí i nírun, á gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá iṣẹ́ tó kọjú sí títì, á ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ akunlé, ló kọ́ ọ ní ọ̀dà. Bàbá yẹn a máa sọ pé ìdílé ni àwọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá: búlúù, àwọ̀ ewé, àti èyí tó wà láàárín wọn. Kó wọn sójú kan, wọn kì í jà, ńṣe ni ara ẹni tó ń wò wọ́n á balẹ̀. Àwọn kan sì wà tí wọ́n jẹ́ orogún: búlúù àti àwọ̀ ọsàn, pupa àti àwọ̀ ewé. Gbé orogún méjì tira wọn, oníkálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fújà, ojú ò sì ní lè kúrò lára wọn. Ṣùgbọ́n má po wọ́n pọ̀ sínú ìgò kan o. Wọ́n á pa ara wọn, eérú lásán lo máa bá níbẹ̀.

Nítorí náà, kí Ìyá Aláwọ̀ tó fa ìlà kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan ìdílé fún àwòrán náà. Gbogbo àwọ̀ tó máa lò, láti ojú ọ̀run dé orí koríko, á pò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, á sì dé wọn sínú ìgò. Ó ní àwọ̀ tí a pò lónìí àti èyí tí a pò lọ́la kì í ṣe ọmọ ìyá, bí wọ́n tilẹ̀ jọra bí ìbejì. Ọ̀nà iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, ó sì ti fi gba ìyìn títí.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n mọ ọ̀rọ̀ àwọ̀. Nígbà tí Bàbá Alága, kápẹ́ńtà tó ń kan àga àti tábìlì ní òdìkejì títì, kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di alájà méjì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sáré wá.

“Ìyá Aláwọ̀, ẹ gbà mí o. Géètì mi búlúù, fèrèsé mi búlúù. Kí ni kí n fi kun ògiri?”

“Orogún rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé tì í,” ni ó dá a lóhùn. “Àwọ̀ ọsàn. Ẹ jẹ́ kó pọ́n dáadáa. Ẹni tó wà níkòríta á ti máa rí yín bọ̀.”

“Kò ní pọ̀ jù báyìí?”

“Bàbá Alága, ṣé èmi ni mo ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kan àga?”

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá àwọn akunlé po ọ̀dà náà. Nígbà tí ògiri yẹn gbẹ, àwọn tó ń kọjá lọ ń dúró wò ó. Inú Ìyá Aláwọ̀ dùn débi pé ó dúró lójú fèrèsé yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àbúrò rẹ̀ obìnrin dé. Aránṣọ ni. Wọ́n ti wó ilé tó ń gbé, kò sì ríbòmíì lọ. Àpò kan ló gbé lọ́wọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ lórí. Ẹ̀gbọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀, ó fún un ní yàrá ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì, ó ra àgádágodo tuntun sí kọ́bọ́ọ̀dù ṣúgà.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn Àbúrò. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí àwọn méjèèjì ń fi ìsàlẹ̀ agolo ọ̀dà bàbá wọn ya igi àti òkè sára páálí, bàbá wo iṣẹ́ méjèèjì, ó ní, “Tẹ̀gbọ́n dára. Ṣùgbọ́n ojú ti kékeré yìí mú.” Ọ̀rọ̀ eré ni. Àbúrò ti gbàgbé, ó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ. Ẹ̀gbọ́n ò gbàgbé. Ó ti di ìyá àgbà lẹ́nu iṣẹ́ náà, irun ti ń funfun lábẹ́ ìborí, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì há a lọ́fun bí egungun ẹja.

Kò pẹ́ sígbà náà ni iṣẹ́ ńlá kan dé láti ilé ìwòsàn. Àwòrán mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ fún yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà. Ìyá Aláwọ̀ yan odò ní òwúrọ̀, ó sì yan àwọn ọmọ ìyá: yẹ́lò ni ẹ̀gbọ́n wọn, àwọ̀ ewé tó fara jọ yẹ́lò tẹ̀ lé e, àwọ̀ ewé gan-an tẹ̀ lé ìyẹn, búlúù díẹ̀ sì ni àbíkẹ́yìn, fún òkè tó wà lọ́nà jíjìn. Ó fẹ́ kí oòrùn wà nínú gbogbo rẹ̀, kí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá rí i kó rò pé ọ̀la ń bọ̀. Ọ̀sán gbáko ló fi pò wọ́n sínú ìgò, ó ń fi kún un, ó ń dín in kù, títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Ó dé wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó lọ síléèwé, ó ní kóun tún yọjú sí wọn. Ó ṣí ìgò àkọ́kọ́. Ewé tó fi oòrùn sí lánàá ti tutù bí ewé inú kànga. Ó ṣí èkejì. Búlúù ti wọ inú ìyẹn náà. Gbogbo wọn ló ti yí padà.

“Àbúrò! Ta ló wọ yàrá yìí?”

“Èmi kọ́ o, Àǹtí mi. Mi ò tiẹ̀ tíì kúrò nídìí máṣíìnì láti àná.”

Ó lọ síléèwé tòun ti ìbínú. Nígbà tó dé lọ́sàn-án tó tún ṣí ìgò, ẹ gbọ́ ìyanu: àwọ̀ ti padà sí bó ṣe pò ó. Oòrùn wà nínú ewé, yẹ́lò wà nípò ẹ̀gbọ́n. Ó jókòó, ó ronú. Ẹlòmíì á ní kóun lọ sùn, ó ti rẹ òun. Ìyá Aláwọ̀ kọ́. Ìfura loògùn àgbà, òun sì ti mu oògùn náà kọjá ìwọ̀n. Ó ní ó ti yé òun: ẹnì kan ń ba àwọ̀ jẹ́ lóru, ẹni náà ń tún un ṣe bí òun bá ti jáde, kí òun lè rò pé orí òun ti ń dàrú. Ta ló lè ṣe irú ẹ̀? Ẹni tó mọ ọ̀dà pò ni. Ẹni méjì ló mọ̀ ọ́n pò nínú ilé yẹn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ pàkúté. Ó fa irun kan tu lórí ara rẹ̀, ó fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ìgò. Ilẹ̀ mọ́, irun wà níbẹ̀, àwọ̀ ti di búlúù. Ó ní àṣé ọmọ yìí gbọ́n tó báyìí, ó tún mọ irun lẹ̀. Ó da ẹfun sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó lè rí ojú ẹsẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló rí. Ó ní àṣé ó tún mọ bàtà mi wọ̀. Ó ra àgádágodo sí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ọrùn, ó ń gbé e sùn. Kò sí èyí tó dí búlúù lọ́wọ́. Àbúrò rí okùn ọrùn yẹn nídìí oúnjẹ alẹ́, ó rọra sún àwo tirẹ̀ sẹ́yìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àbúrò gbé tíì wá bá a ní yàrá iṣẹ́, ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. “Àǹtí mi, ẹ ò ṣe gbé àwọn ìgò yẹn wá sí yàrá mi tó wà lẹ́yìn, kẹ́ ẹ wò wọ́n níbẹ̀? Yàrá iṣẹ́ yín yìí ń ṣe mí bákan lọ́sàn-án.”

Ìyá Aláwọ̀ wò ó látòkè délẹ̀. “Kí n gbé e wá sí yàrá rẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“O ṣé. Mo ti gbọ́.” Nínú rẹ̀ ló ń sọ pé ẹ̀yin ẹ wo ìgboyà olè, ó ní kí n ti ọwọ́ ara mi gbé ẹrù wá fóun. Nígbà tí Àbúrò sì na ọwọ́ gba ife tíì padà, Ìyá Aláwọ̀ rí i kedere: búlúù wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Àwòrán àkọ́kọ́ parí. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò sí iléèwé. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá sí iwájú ilé. Obìnrin yẹn dúró síwájú rẹ̀, ó tẹ orí sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ó tutù jù. Àwọn tí ara wọn ò yá ló máa jókòó ti èyí o. Wọ́n á ní odò tí wọ́n ń là kọjá sọ́run nìyí.”

Ìyá Aláwọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò bọ́ sí i.

“Ẹ bá wa fi ooru díẹ̀ sí i,” ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì ń wí. “Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má bínú, a lè wá ẹlòmíì.”

Ẹlòmíì! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju ọ̀bẹ lọ. Àbúrò ti lọ ra òwú. Bí ọ̀gá nọ́ọ̀sì ti kẹ́yìn sí géètì, yàrá ẹ̀yìn ni Ìyá Aláwọ̀ gbà lọ tààrà. Ó fa àpò àbúrò rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú u sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Sísọ́ọ̀sì, fọ́tò òbí wọn, àwọn àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó ti gbó, gbogbo rẹ̀ fọ́n ká. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti rí i: àwọn ọ̀dà kéékèèké, búlúù wà nínú wọn, àti páálí kan tí wọ́n fi aṣọ wé. Ó tú aṣọ náà. Àwòrán ni. Obìnrin kan ló kẹ́yìn sí ẹni tó ń wò ó, ó dúró lójú fèrèsé, ó ń ya odò. Òun ni. Kò lè ṣi ẹ̀yìn ara rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ìborí tó wà lórí obìnrin náà pọ́n rokoṣo bí ọsàn tó ti pọ́n jù.

“Àǹtí mi, kí lẹ ń wá?”

Àbúrò ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, òwú lọ́wọ́.

“Ohun tí mò ń wá ti wà lọ́wọ́ mi. Kí ni aránṣọ ń fi búlúù ṣe?”

“Mo fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya nǹkan ni. Ojú ń tì mí láti sọ fún yín.”

“Ojú ń tì ọ́! Ojú ò tì ọ́ láti máa bu búlúù sí ìgò mi. Èyí ńkọ́? O wá fi iná sí mi lórí. Ìgbà wo ni ìborí mi pọ́n rí? Funfun ni! Láti ọjọ́ tó o ti mọ̀ mí, funfun ni!”

“Bí mo ṣe rí i lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo gbé tíì wá fún yín ni mo ṣe kùn ún. Ṣebí ohun tí Bàbá kọ́ wa nìyẹn? Kun ohun tí ojú rẹ rí, má kun ohun tó o mọ̀.”

“Má fa Bàbá wọ ọ̀rọ̀ yìí!” Ohùn Ìyá Aláwọ̀ lọ sókè débi pé òun náà gbọ́ ọ bí ohùn ẹlòmíì. “Ojú tìẹ ló mú, àbí? Láti kékeré lo ti fẹ́ gbapò mi. Mo gbà ọ́ sílé, o wá bá mi ṣe orogún.”

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àbúrò gbé òwú kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa àwọn àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń ká wọn, ó ń tò wọ́n padà sínú àpò. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rù. Àwòrán yẹn nìkan ni kò mú.

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin ni mo yà á fún.”

Nígbà tí géètì dún, ẹ ò gbọdọ̀ rò pé Ìyá Aláwọ̀ sunkún. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ilé ti mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó da gbogbo ìgò nù, ó po ìdílé tuntun, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Kò ti ilẹ̀kùn pàápàá. Ta ló kù tí òun máa tì í mọ́?

Ní àárọ̀, ó ṣí ìgò. Búlúù ni.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó kọ́kọ́ fura sí ẹni tó ta ọ̀dà fún un, lẹ́yìn náà ó fura sí omi ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà ó fura sí àwọn ìgò. Nígbà tí kò rí ẹni tí yóò fura sí mọ́, ẹ̀rù bà á. Kò lọ síléèwé. Ibẹ̀ ló jókòó sí, ó gbé àwòrán tí Àbúrò fi sílẹ̀ lé itan, ó ń bínú sí ìborí aláwọ̀ ọsàn yẹn, títí oòrùn fi yí sọ́wọ́ ọ̀sán.

Ìgbà náà ló rí ọwọ́ ara rẹ̀ lórí páálí náà. Èékánná rẹ̀ ti pọ́n. Ó yára tú ìborí funfun kúrò lórí, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìborí inú àwòrán. Àwọ̀ kan náà ni. Ó mú un sáré lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó di funfun. Ó gbé e padà, ó pọ́n. Ó gbójú sókè wo ìta. Oòrùn ọ̀sán ti dojú kọ ògiri Bàbá Alága, ògiri náà sì ń da àwọ̀ ọsàn wọlé látojú fèrèsé, sára ògiri, sára pátákó ìpo-ọ̀dà, sínú gbogbo ìgò. Lójoojúmọ́ ló ti ń dúró nínú àwọ̀ ọsàn po ewé. Lójoojúmọ́ ló ń bu búlúù sí i kó lè rí bó ṣe yẹ lójú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ìmọ́lẹ̀ gidi dé, búlúù tó fọwọ́ ara rẹ̀ bù ló ń rí. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Bàbá Alága rí i lójú fèrèsé, ó juwọ́ sí i látìsàlẹ̀.

“Ìyá Aláwọ̀! Gbogbo ènìyàn ló ń yin ògiri yìí o! Mo ní ẹ̀yin lẹ yàn án!”

Ó rọra juwọ́ padà sí i. Àfọwọ́fà nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan nítòsí ọjà ni Àbúrò ti lọ fara mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá Aláwọ̀ ti bá a nídìí máṣíìnì. Ó gbé ìborí kalẹ̀, ó gbé àwòrán kalẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀: ògiri, oòrùn, búlúù, bí òun tìkára òun ṣe yan àwọ̀ náà. Ó sọ pé bàbá wọn ò parọ́, ojú Àbúrò mú ju tòun lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò rọrùn láti ẹnu rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ó jáde.

Àbúrò dá máṣíìnì dúró. “Ó yé mi, Àǹtí mi. Ògiri ló yí àwọ̀ yín padà.”

“Ògiri ni. Mo dúpẹ́ pé ó yé ọ.”

“Ṣé ògiri náà ló ní kẹ́ ẹ tú àpò mi?”

Ìyá Aláwọ̀ ń ká ìborí náà, ó ń tú u. Ó mọ̀ pé lóòótọ́, ògiri ò sọ bẹ́ẹ̀. Ògiri ò mọ̀ wọ́n lọ́mọdé.

Síbẹ̀ Àbúrò wá. Ó ní nítorí àwọn aláìsàn tó máa wo àwòrán ni, kì í ṣe nítorí ẹnikẹ́ni. Kò padà wá gbé. Lọ́jọ́ tí kò bá sí iléèwé, á dé láàárọ̀, wọ́n á jọ jókòó ní yàrá ẹ̀yìn tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í tan ènìyàn jẹ, wọ́n á jọ po ìdílé tuntun: yẹ́lò, ewé tó fara jọ yẹ́lò, ewé, búlúù díẹ̀ fún òkè ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀gbọ́n ń ya odò, àbúrò ń ya koríko. Nígbà tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì tún wá, ó dúró pẹ́, ó sì ní òun fẹ́ jókòó díẹ̀ níwájú àwòrán náà kóun tó máa lọ. Ìyá Aláwọ̀ ti já àgádágodo ṣúgà. Ó fi kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀ gbayawu kí Àbúrò lè rí i. Àbúrò rí i, ó sì ń mu tíì rẹ̀ láìsí ṣúgà.

Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fọ búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀ pàápàá. Lẹ́yìn náà Àbúrò á gbé àpò rẹ̀ sórí tábìlì níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ya ẹnu àpò náà gbàgà, á dúró. Ìyá Aláwọ̀ á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Dákun, pa á dé. Máa lọ.”

“Àǹtí mi, ẹ ò tíì wò ó o.”